Èyí Tí Wọ́n Fún Ọ Kọ́ Ni Wọ́n Máa Tà fún Wa

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ti ń tú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń gbé fóònù yí mọ́tò po tí ẹ ń ṣe fídíò, mo kí gbogbo yín. Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí. Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí páàtì ọ̀fẹ́: ṣé ó tọ́ kí ẹni tó ń kọ̀wé nípa mọ́tò máa gba táyà, ṣọ́ọ̀kù, bíréèkì àti rédíò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, kó tún wá jókòó kó máa sọ fún wa bóyá ó dára? Bóyá ohun tí Alága ń retí ni pé kí n sọ pé kò tọ́, ká gbàdúrà, ká lọ jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ á dúró díẹ̀.

Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìfẹ́ mọ́tò ti di iṣẹ́ ìwé kíkọ gan-an. Ní 1948, Robert E. Petersen àti ẹnìkejì rẹ̀, Robert Lindsay, gbé ìwé ìròyìn Hot Rod jáde ní Los Angeles. Sẹ́ǹtì 25 ni wọ́n ń tà á. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń já Ford àtijọ́ palẹ̀, tí wọ́n ń tún un tò kó lè sáré, ló ń rà á. Àwọn tó sì ń polówó nínú rẹ̀ ni àwọn tó ń rọ páàtì fún àwọn ọ̀dọ́ kan náà. Láti ọjọ́ kìíní ni òǹkàwé, oníṣòwò àti òǹkọ̀wé ti ń bu oúnjẹ nínú abọ́ kan. N kò fi ìyẹn bú wọn o. Ta ni ìbá ra ojú ewé ìpolówó nínú ìwé mọ́tò bí kò ṣe ẹni tó ń ta nǹkan mọ́tò?

Nígbà tó di 1963, àwọn tó ń ṣe páàtì yìí dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, òun la mọ̀ sí SEMA lónìí. Las Vegas ni wọ́n ti ń ṣe ìpàtẹ ọjà wọn, ní oṣù kọkànlá ọdọọdún. Bí nǹkan ṣe ń lọ nìyí: ẹnìkan ń to ọkọ̀, owó rẹ̀ kò tó. Ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ríìmù, ó kọ sí èyí tó ń ṣe ìjókòó, ó kọ sí èyí tó ń ṣe sílẹ́ńsà, pé kí wọ́n fún òun ní tiwọn, òun á lẹ orúkọ wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, òun á sì gbé e wá sí ìpàtẹ. Kò sí ẹni tí wọ́n tàn jẹ níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí ọkọ̀ náà mọ̀ pé pátákó ìpolówó ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú ni ìgbà tí àwọn ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan náà. Wọ́n á ní ọkọ̀ kan tí wọ́n ń tún ṣe lójú òǹkàwé, oṣù dé oṣù. Lóṣù yìí ṣọ́ọ̀kù, lóṣù tó ń bọ̀ bíréèkì. Wọ́n á ya fọ́tò ọwọ́ mẹkáníìkì tó ń so bọ́ọ̀tù, wọ́n á kọ nọ́ńbà páàtì, wọ́n á kọ ibi tí a ti lè rà á. Iye owó rẹ̀ ló sábà máa ń sọnù nínú ìtàn náà, torí pé ẹni tó ń kọ ọ́ kò san án.

Ó kù díẹ̀ kí n dé ibi tí mò ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ Amẹ́ríkà mọ̀, tí ọ̀pọ̀ sì ń sọ ní ìsọkúsọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 1964, ìwé ìròyìn Car and Driver gbé Pontiac GTO sí iwájú ìwé wọn, wọ́n fi í dojú kọ Ferrari GTO. Àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà ni wọ́n lò, torí kò sí Ferrari kankan níbi ìdánwò náà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé Pontiac yìí fò dé eré máìlì 100 ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 11.8. Nínú ìwé, wọ́n ní ó dé 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá 4.6. Ní ayé ìgbà yẹn! Ọkọ̀ tí akọ̀wé báńkì lè wọ ṣọ́ọ̀bù lọ rà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Jim Wangers, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń bá Pontiac polówó, ló wà nídìí bí ọkọ̀ náà ṣe dé ọwọ́ wọn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ọkùnrin náà tó wá jẹ́wọ́ ní gbangba. Ẹ́ńjìnnì tí Pontiac ń tà nínú GTO ni 389, ìyẹn lítà 6.4. Ṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Royal Pontiac, ní Royal Oak ní ìpínlẹ̀ Michigan, ti yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ ìdánwò, wọ́n ti gbé 421, lítà 6.9, sí àyè rẹ̀. Méjèèjì jọra lójú débi pé kí o ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí o tẹjú mọ́ ọn, o kò ní fura. Pontiac ta GTO 32,450 fún ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Àwọn tó rà á gbé 389 lọ sílé. Wọ́n á ti máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́ tọ́tù, kí wọ́n máa wo aago ọwọ́ wọn, kí wọ́n sì máa rò pé àwọn ni àwọn ò mọ ọkọ̀ wà.

Ẹ má kọ́kọ́ bi mí bóyá àwọn akọ̀ròyìn yẹn gba ẹ̀gúnjẹ. Kò kàn mí. Ohun tí aago wọn sọ ni wọ́n kọ. Àwọn ò purọ́, ọkọ̀ ló purọ́.

Ohun tí mo bá wá síbí nìyẹn. Nǹkan ọ̀fẹ́ ní àléébù méjì. Àkọ́kọ́, ó ń di ẹni lẹ́nu. Ọmọdé mọ ìyẹn. Èkejì, ẹni tó ń fúnni ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa èyí tó fẹ́ fúnni. Lójú tèmi, èkejì yìí ló burú jù, torí pé olóòótọ́ ènìyàn kò lè fi òótọ́ rẹ̀ yọ nínú rẹ̀. O lè jẹ́ ẹni tí kò lè purọ́ bí wọ́n bá tilẹ̀ fi ìbọn sí i lórí, kí o sì fi ẹnu mímọ́ rẹ ṣi gbogbo wa lọ́nà.

Kì í ṣe ti ayé àtijọ́ nìkan. Ní 2011, Chris Harris, akọ̀ròyìn mọ́tò ará Ìlú Ọba, kọ àpilẹ̀kọ kan tó dá ariwo sílẹ̀ nípa bí Ferrari ṣe ń múra ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé fún oníròyìn. Ó ní 360 Modena tí ilé-iṣẹ́ gbé wá fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì yára ju ti oníbàárà lọ láti ibi ìdúró dé máìlì 100. Ẹ tún wo ti Volkswagen ní 2015: ọkọ̀ tó mọ ìgbà tí wọ́n ń dán òun wò, tó ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ hàn nínú yàrá ìdánwò, tó bá dé títì kó máa tú èéfín bó ṣe wù ú. Ó tó mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ kárí ayé. Àwọn olùwádìí ní West Virginia University ni wọ́n tú àṣírí náà, ohun tí wọ́n sì ṣe kò ju pé wọ́n gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú búùtù, wọ́n wa ọkọ̀ náà lójú títì bí gbogbo ènìyàn ṣe ń wà á. Wọ́n wa ọ̀kan nínú wọn láti Los Angeles dé Seattle.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dìídì ṣe ayédèrú kí èyí tó fún oníròyìn tó yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́jà. Níbí, kò tilẹ̀ nílò kí ilé-iṣẹ́ ṣe ohunkóhun. Ọjà fúnra rẹ̀ ti bá a ṣe é.

Ẹ bọ́ sí Ládípọ̀ ní Múṣin, tàbí Gate ní Ìbàdàn, kí ẹ béèrè bíréèkì páàdì Corolla. Kí ọmọkùnrin ìsọ̀ náà tó dìde, ó máa bi yín ní ìbéèrè kan: èwo nínú wọn? Ojúlówó wà, Bẹ́líjíọ̀mù wà, Taiwan wà, èyí tó ń jẹ́ 'ó jọ ọ́' náà wà, gbogbo wọn ní iye tiwọn. Òwò tirẹ̀ nìyẹn, kò sì fi pamọ́ fún ẹni tó bá mọ ìbéèrè é bi. Ṣùgbọ́n aṣojú ilé-iṣẹ́ tó gbé páàdì fún oníròyìn kò gba Ládípọ̀ wá. Ilé ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ ló ti gbé páálí rẹ̀, pẹ̀lú èdìdì lójú rẹ̀. Oníròyìn dè é mọ́ ọkọ̀, ó wà á, bíréèkì mú kíá, ó sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Ẹnìkan wá wo fídíò yẹn ní Ìkòròdú, ó kó owó lọ ọjà. Páálí kan náà, àwọ̀ kan náà, orúkọ kan náà, bóyá lẹ́tà kan ló sọnù nínú rẹ̀. Mo ti rí èyí tí mo fi èékánná ha tó ń rún sílẹ̀ bíi búrẹ́dì tó sùn mọ́jú. Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ kí ènìyàn fi dúró lórí afárá ní máìlì 60, tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn. Oníròyìn wa kò purọ́. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Táyà ló rọrùn jù láti fi hàn yín. Lẹ́yìn ìpàdé, kí kálukú lọ bẹ̀rẹ̀ síbi ọkọ̀ tirẹ̀, kó wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ ó rí DOT, ẹ ó rí àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kan, nọ́ńbà mẹ́rin ló parí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí wọ́n bá fún olùdánwò, tuntun kíníkíní ni, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é dé. Èyí tí èmi àti ẹ̀yin máa rà lè ti jókòó sínú oòrùn níwájú ìsọ̀ fún ọdún mẹ́rin, kí wọ́n máa fi nǹkan kùn ún kó máa dán. Rọ́bà ń gbó bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ gùn ún. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò wa bá sọ nínú fídíò pé táyà yìí kì í yọ̀ nínú òjò, táyà wo? Ti ọ̀sẹ̀ wo? Fídíò táyà tí mo ti wò kò níye, àwọn tó sún kámẹ́rà mọ́ nọ́ńbà mẹ́rin yẹn kò pọ̀. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹnu, torí mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dúró kí n dé ibi dòdò àti òdodo. N kò ní pa á. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí àwọn àgbà fi sọ pé bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ẹ fetí sí i dáadáa. Wọn ò ní bí ẹnu bá jẹ, ẹnu á parọ́. Ìtìjú kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ènìyàn purọ́. Ó ń mú un dákẹ́ ni.

Ẹ gbé ìwé ìròyìn mọ́tò ọdún kan kalẹ̀, yálà ti Amẹ́ríkà tàbí ti Ìlú Ọba, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe lóṣooṣù. Ẹ ka iye páàtì tó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Nínú ayé tí gbogbo wa ń gbé, páàtì ń bàjẹ́ lójoojúmọ́: bọ́ọ̀tù á wọ̀ dé ìdajì kó kọ̀, rọ́bà á já, sílẹ́ńsà tí wọ́n ní ó bá ọkọ̀ rẹ mu á máa kan abẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn, gbogbo nǹkan ló ń wọ̀ wẹ́rẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń kọ irọ́. Èyí tí kò wọ̀ ni wọn kò kọ. Ṣọ́ọ̀kù tó bàjẹ́ á pòórá nínú ìtàn, oṣù tó ń bọ̀ ẹ ó kàn rí òmíràn lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kan náà, kò sí ẹni tó máa ṣàlàyé bó ṣe débẹ̀. Àwọn olóòtú tí mo bá sọ̀rọ̀ rí máa ń pe èyí ní ìwà ọmọlúàbí: bí o kò bá ní ohun rere sọ, dákẹ́. Mo gbà pé ó dára nínú ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra nǹkan náà kò sí nínú ẹbí yẹn.

Oníṣòwò kan wà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tó fún mi ní ṣọ́ọ̀kù mẹ́rin nígbà kan. Ọmọlúàbí ènìyàn ni. Nígbà òjò, ọ̀kan nínú méjì tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í jo ọ́ìlì. Mo pè é kí n tó kọ ohunkóhun, torí ó yẹ kí ẹni tó ṣe nǹkan ní àyè láti fèsì, àmọ́ n kò pè é láti gba àṣẹ. Ó ní kí n gbé e wá, òun á pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun, ẹni tó bá fi owó rà á ńkọ́, ṣé ẹ máa pààrọ̀ tirẹ̀ náà? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ìyẹn dá lórí irú ẹni tó jẹ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: jíjò tó jò, ìpè tí mo pè, ìdáhùn tó fún mi. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí padà, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú gbogbo nǹkan tí mo ṣe fún yín?"

Kò sọ pé mo purọ́. Kò sọ pé ṣọ́ọ̀kù kò jò. Àdéhùn tí a kò fọwọ́ sí ló ń pè mí lẹ́jọ́ sí.

Kì í ṣe ojú Yorùbá nìkan ló ń tì o. Ní 1968, David E. Davis kọ̀wé nípa ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ BMW 2002 nínú Car and Driver yìí kan náà. Ó gbé ọkọ̀ náà ga dé òrùlé, títí dòní wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ àpilẹ̀kọ náà. Ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ohun tó bú ni rédíò Blaupunkt tó wà nínú rẹ̀. Ó ní kò lè gbọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò Manhattan láti òdìkejì odò Hudson. Rédíò lásán! Ìjà ńlá ló dá sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn tó ni ìwé ìròyìn, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi àga olóòtú sílẹ̀. Ní 2005, Dan Neil, tó ti gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún tó ṣáájú fún àgbéyẹ̀wò mọ́tò, kọ nínú Los Angeles Times nípa Pontiac G6, ọkọ̀ tí General Motors ṣe, ó sì sọ pé kí wọ́n lé àwọn ọ̀gá General Motors kúrò. General Motors kó ìpolówó wọn kúrò nínú ìwé ìròyìn náà fún oṣù mélòó kan, ẹ̀yìn náà ni wọ́n padà. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ méjèèjì. Los Angeles Times ń polówó ilé, aṣọ àti oúnjẹ. Ó lè fara da ìbínú oníṣòwò mọ́tò kan. Ìwé ìròyìn tó jẹ́ pé àwọn oníbíréèkì àti onísílẹ́ńsà nìkan ló ń bọ́ ọ, ibo ni yóò sá sí? Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bínú sí àwọn òǹkọ̀wé kéékèèké bí àwọn kan ṣe ń bínú sí wọn.

Òfin wà, n kò sọ pé kò sí. Àjọ FTC, tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Amẹ́ríkà, tún ìlànà wọn kọ ní 2009 kó lè kan àwọn tó ń kọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bí ẹni tó ni ọjà bá fún ọ ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, sọ ọ́, kó sì hàn. Wọ́n tún un ṣe ní 2023, ní 2024 wọ́n gbé òfin mìíràn jáde tó fi ìyà owó sórí àgbéyẹ̀wò ayédèrú. Nílé wa, ìlànà iṣẹ́ àwọn akọ̀ròyìn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ìlọrin ní 1998 ti sọ ọ́ yé yéké pé akọ̀ròyìn kò gbọdọ̀ béèrè rìbá tàbí ẹ̀bùn, kò sì gbọdọ̀ gbà á, láti fi tẹ ìròyìn jáde tàbí láti fi tẹ̀ ẹ́ rì. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn: láti fi tẹ̀ ẹ́ rì. Àwọn tó jókòó ní Ìlọrin lọ́jọ́ náà mọ ohun tí àpò ìwé tí wọ́n di owó sí ń ṣe.

Ní tòótọ́, ìkéde dára. Ẹni tí kò bá sọ pé wọ́n fún òun lọ́fẹ̀ẹ́, èmi kì í ka ìwé rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo ń rí i báyìí pé ìkéde ti ń di omi tí wọ́n fi ń ṣan ọwọ́. Àbúrò wa á fi ìyára sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, "wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi o, àmọ́ èrò ọkàn mi ni mo máa sọ," ìyókù á wá jẹ́ orin ìyìn. Ìkéde ń sọ fún mi pé ojú lè máa tì ọ́. Kò sọ fún mi ẹni tó ṣa páàtì náà, kò sọ bóyá wọ́n ka ọ̀rọ̀ rẹ kí o tó gbé e jáde, kò sọ bóyá o máa dá a padà tàbí ó ti di tìẹ. Jim Wangers ìbá ti kéde títí ilẹ̀ á fi mọ́ pé Pontiac ló gbé ọkọ̀ wá. Ẹ́ńjìnnì 421 á ṣì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdánwò fúnra rẹ̀ díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni a kì í sì í fẹ́ dé. Ẹ mú éà fílítà tí wọ́n ní ó ń fi họ́ọ̀sì páwà márùn-ún kún ọkọ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ sórí dáínò, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ gbayawu, wọ́n gbé fáànù ńlá síwájú rẹ̀. Wọ́n sá a lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú fílítà àtijọ́, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n tún sá a lẹ́ẹ̀kan. Márùn-ún fi kún un lóòótọ́! Àtẹ́wọ́! Ṣùgbọ́n ẹ sá ọkọ̀ kan náà nígbà mẹ́ta láìfọwọ́ kan nǹkankan, ẹ ó rí i pé nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní bára mu. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ á mú un wá sílẹ̀, atẹ́gùn tó tutù á gbé e sókè. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà kan sí èkejì bá tó mẹ́ta, márùn-ún tí wọ́n ń pariwo yẹn ti ń wá ibi sá pamọ́ sí. Ẹ wá ronú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí yẹn. Éà fílítà tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ń fa atẹ́gùn tútù fáànù lórí dáínò. Ní Ojúẹlẹ́gba ní ọ̀sán gangan, bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní pípa, ọkọ̀ ń rá pálá, atẹ́gùn gbígbóná orí ẹ́ńjìnnì ló ń fà. Nínú òkìtì ooru yẹn ó lè mú agbára lọ dípò kó mú un wá. Ẹni tó fẹ́ dán an wò fún wa gbọ́dọ̀ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó sá a ní ìgbà púpọ̀, kó dá fílítà àtijọ́ padà sí i lẹ́yìn, kó tún sá a, kó sì fi gbogbo nọ́ńbà hàn wá, àtèyí tó dùn àtèyí tí kò dùn.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó pinnu láti yẹra fún gbogbo wàhálà yìí: àwọn tó ń gbé ìwé ìròyìn Consumer Reports jáde, láti 1936. Wọn kì í gba ìpolówó. Wọ́n máa ń rán ẹnìkan lọ ṣọ́ọ̀bù bí oníbàárà lásán, á dúnàádúrà, á sanwó, á gbé ọkọ̀ lọ sí ibi ìdánwò wọn ní Connecticut. Èyí ló wo àléébù kejì tí mo sọ sàn: ohun tí wọ́n dán wò ni ohun tí aládùúgbò rẹ máa rà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ wọ́n di òrìṣà. Ní 1988 wọ́n sọ pé Suzuki Samurai kò ṣe é rà rárá, torí ó fẹ́ dojú dé bí wọ́n ṣe ń yà á. Suzuki gbé wọn lọ ilé ẹjọ́ ní 1996. Ẹ̀sùn wọn ni pé ọkọ̀ náà kọ́kọ́ gba ìdánwò kọjá láìsí wàhálà, pé ìgbà tí wọ́n yí ọ̀nà ìdánwò padà ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀. Ẹjọ́ náà di 2004 kí wọ́n tó parí rẹ̀ láàárín ara wọn, láìsan owó fúnra wọn. Ta ló jàre? Èmi ò dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan náà lè ní ohun tó ń wá lọ́kàn kó tó débẹ̀. Owó tí o san kò sọ ọ́ di olódodo. Ó kàn yọ ẹnìkan kúrò nínú àwọn tó lè tì ọ́ ni.

Àbúrò kan bi mí ní ìta kí a tó wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni ká ti rówó? Bí a kò bá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, a ò ní fídíò." Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ ìwé mímọ́ dá a lóhùn. Gba páàtì náà bí o bá nílò rẹ̀ láti mọ bó ṣe rí àti bí wọ́n ṣe ń dè é. Ṣe fídíò bí wọ́n ṣe ń dè é. Ìyẹn ṣe wá láǹfààní, ẹni tó fún ọ kò sì lè fi ọwọ́ rẹ̀ yí bọ́ọ̀tù padà. Sọ iye tí wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n má sọ fún wa pé ó dára, kò tíì yá. Gbé ọkọ̀ náà fún mẹkáníìkì rẹ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí o sọ ohun tó rí, kódà bó bá jẹ́ pé ó bàjẹ́. Tó bá sì tó àsìkò àtisọ pé ó dára, rán ẹni tí wọn kò mọ̀ lọ sí ọjà, kó ra irú rẹ̀ kan, kó gba rìsíìtì. Gbé méjèèjì sórí tábìlì, èyí tí wọ́n fún ọ àti èyí tí wọ́n tà fún un. Wọ̀n wọ́n lórí ìwọ̀n. Wo àmì ara wọn. Bí méjèèjì bá jọra, o ti ní nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò ní lórí páàtì yẹn ní gbogbo Nàìjíríà. Bí wọn kò bá jọra, o ní fídíò tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé owó páàtì kejì yẹn ni wàhálà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé àbá kan síwájú ẹgbẹ́ yìí kí n tó jókòó. A pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí, Corolla àti Camry ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wa. Kí ẹgbẹ́ máa ra páàtì kan lọ́jà láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta, èyí tí gbogbo wa ń lò, kí ọ̀kan nínú wa tí a bá yàn dè é mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, kí àwọn àbúrò tó ń ṣe fídíò máa tẹ̀ lé e. Kò sí oníṣòwò tó máa pe ẹnikẹ́ni kó sọ pé, "pẹ̀lú gbogbo nǹkan tí mo ṣe fún yín." Mo ti bá akápò sọ ọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní àbá náà dára gan-an, ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ ọdún tó kọjá tí mo jẹ, kí n kọ́kọ́ san án.